Bí Oòrùn Bá Wọ̀, Ẹ Má Tíì Palẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin onífọ́tò ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé fóònù lẹ fi ń ṣe iṣẹ́ yín, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí arìnrìn-àjò ṣe lè ya fọ́tò ìlú tó dé, nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀, tí ilé gogoro àti òrùlé bá tò lọ bẹẹrẹ lójú sánmà. Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín lọ.

Ẹni tó bá mọ Òkè Ààrẹ yóò mọ ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ lọ́dún 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn. Bower's Tower ló wà nínú ìwé. Láyípo ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Àlejò ni mo jẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo gbé káméra àti lẹ́ńsì gígùn mi gun òkè, mo dúró de oòrùn. Nígbà tó pọ́n, tó tóbi, tó fẹ̀yìn ti ọ̀nà Dùgbẹ̀, mo yà á, mo tún un yà. Bó ṣe wọ̀ tán báyìí, mo ká ẹrù mi, mo ń sọ̀ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Màmá kan ń dín àkàrà lẹ́sẹ̀ òkè. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, mo ra àkàrà. Wọ́n wo àpò ẹ̀yìn mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lo rí yà lókè?"

Mo ní, "Oòrùn ni, mà. Mo rí i yà dáadáa."

Wọ́n yí àkàrà padà nínú epo, wọ́n ní, "Ṣé kò sí oòrùn nílùú yín ni?"

Wọn ò fi mí ṣe ẹ̀sín rárá. Ìbéèrè tó wá láti inú ọkàn wọn ni. Wọ́n wá fi àgbọ̀n júwe ìlú tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Ìlú ò tíì tanná, o ti ń lọ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá tí mo wọ̀ sí, mo tú àwọn fọ́tò náà wò. Wọ́n lé ní ọgọ́rin. Oòrùn wà nínú gbogbo wọn, ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni lè wò kó sọ pé Ìbàdàn nìyí. Bí mo bá ní Accra ni mo ti yà á, kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni òwe náà tó wọ̀ mí lára. Oòrùn kan náà ló ń wọ̀ ní Ìbàdàn, ní London, ní Salvador ilẹ̀ Brazil. Ohun tó ń tànmọ́lẹ̀ sí ló yàtọ̀. Ẹni tó bá rìn jìnnà tó sì ya oòrùn nìkan, oòrùn ilé rẹ̀ ló gbé lọ, òun náà ló sì gbé padà wálé.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ. Oṣù Kẹwàá ni, òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, sánmà sì mọ́. Agogo márùn-ún ni mo dé orí òkè, mi ò sì yọ káméra rárá fún ìdajì wákàtí. Mo kàn jókòó tí mo ń wo ìlú ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé òrùlé Ìbàdàn kì í ṣe aláwọ̀ kan. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ pé páànù Ìbàdàn ti dípẹtà, pé ó pọ́n bí osùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ti dípẹtà yẹn, páànù tuntun wà níbẹ̀ tó ń dán bí omi inú àwo, aláwọ̀ ewé wà, aláwọ̀ búlúù wà, òmíràn sì wà tí wọ́n lẹ̀ níbi mẹ́ta mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kò bá wọn ṣe bákan náà. Èyí tó ń dán ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹni, bí ẹ kò bá ṣọ́ra, yóò fọ́ káméra yín lójú. Èyí tó ti dípẹtà ń mu ìmọ́lẹ̀ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu omi, bí oòrùn bá ṣe ń pọ́n sí i ni òun náà ń pọ́n sí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ yóò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa kò nípọn. Bó bá dé etí ilẹ̀, ó ń gba ìdàgẹ̀ẹ́rẹ̀ wọlé ni, afẹ́fẹ́ tó ń là kọjá yóò sì tó bíi ìlọ́po 38 ti ọ̀sán gangan. Àwọ̀ búlúù inú ìmọ́lẹ̀ náà á ti fọ́n ká sójú ọ̀nà, pupa àti àwọ̀ ọsàn ló ń ráyè dé ọ̀dọ̀ wa. Ìpẹtà ara páànù náà, pupa ló máa ń dá padà, ó ń gbé búlúù mì. Ìyẹn ni pé ní ìdajì wákàtí tó ṣáájú ìwọ̀ oòrùn, ohun tí oòrùn ní láti fún ni ni òrùlé àtijọ́ mọ̀ ọ́n gbà jù. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, tí sánmà di búlúù, òrùlé kan náà á dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi káméra ṣe tó lè mú un padà.

Nítorí náà, agogo mẹ́fà kù díẹ̀, mo kẹ̀yìn sí oòrùn. Ó nira fún mi. Oòrùn wà lẹ́yìn mi tó ń gbóná sí mi lọ́rùn, ọwọ́ mi ń yún mi láti yíjú. Ṣùgbọ́n apá ìlà oòrùn tí mo kọjú sí ni ìlú ti ń dáhùn. Òrùlé kan lé òrùlé kejì títí lọ, ilé alámọ̀ àtijọ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì tí fèrèsé rẹ̀ ṣí, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ọmọ kan tó ń lé ewúrẹ́ wọ agbo ilé. Gbogbo wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò tí mo ṣì ń fi yangàn láti Ìbàdàn, kò sí oòrùn nínú wọn rárá.

Bí oòrùn bá wá fẹ́ wọ̀ tán ni kí ẹ yíjú sí i, kí ẹ sì wá ohun kan nínú ìlú tí yóò dúró níwájú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Cocoa House ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní ọ̀nà Dùgbẹ̀. Alájà 26 ni, ó ga tó bíi mítà 105, ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Iná jó o lọ́dún 1985, wọ́n tún un ṣe, ó ṣì dúró. Mo fẹ́ kí onífọ́tò mọ ìtàn ilé kó tó yà á sí òjìji. Bí mo ṣe mọ̀ pé kòkó ló gbé ilé yẹn dìde, mi ò lè fi í sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán bí òpó iná mọ́. Àárín ni mo fi í sí, pẹ̀lú páànù àwọn ọmọ àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan o. Ẹ má fi ojú yín wo oòrùn láti inú lẹ́ńsì gígùn, àgàgà káméra oníjíǹgí (DSLR), tí jíǹgí inú rẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ wá sójú ẹni tààrà. Ó lè ba ojú jẹ́ títí ayé. Ẹ wò ó lójú gíláàsì ẹ̀yìn káméra. Ẹ sì mọ̀ pé oòrùn kì í wọ̀ lójú kan náà lọ́dún yípo. Nílé wa, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kejìlá, ó ń ṣí kúrò láti apá àríwá ìwọ̀ oòrùn lọ sí apá gúúsù rẹ̀, àyè tó gbà láàárín méjèèjì lé ní ìkúùkù mẹ́rin bí ẹ bá na ọwọ́ yín síwájú gbọọrọ. Ẹni tó rí i lẹ́yìn ilé kan nínú oṣù Kẹta, bó bá padà wá lóṣù Kejìlá, á bá a níbòmíràn. Ìkúùkù náà tún wúlò fún aago. Bí ìkúùkù kan ṣoṣo bá gba àárín oòrùn àti etí ilẹ̀, ó ku bíi 40 ìṣẹ́jú kó wọ̀, nílé wa níbí.

Nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀, ó wọ̀. Mo ká ọwọ́ mi kò. Àwọn méjì tí wọ́n wá ya fọ́tò bíi tèmi kí mi pé ó dàárọ̀, wọ́n lọ. Láti ìsàlẹ̀, ládàánì kan pe ìrun Màgàríbì, òmíràn gbà á ní òdìkejì, ó di méjì, ó di márùn-ún, títí ohùn fi kún àfonífojì. Ẹ̀yin tó bá ń rìnrìn àjò lọ sí ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, aago tí kì í tàn yín nìyẹn. Láti ìgbà tí ládàánì bá ti pèrun, ẹ ka ìṣẹ́jú. Láàárín ìṣẹ́jú kẹwàá sí ogún ni iṣẹ́ gidi wà.

Àwọn baba wa mọ àkókò yìí, wọ́n fún un lórúkọ. Wíríwírí. Ilẹ̀ ò mọ́, ilẹ̀ ò ṣú. Sánmà á di aró, bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò, ní apá ìsàlẹ̀ níbi tí oòrùn gbà lọ, á ku ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú ọ̀run àti ìmọ́lẹ̀ tí ènìyàn tàn nínú ilé á wá dọ́gba, káméra á lè rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó di àkókò yẹn, sánmà mọ́lẹ̀ jù, iná ilé kò hàn. Bó bá kọjá, sánmà ti dúdú, iná nìkan ló kù bí ẹyẹlé funfun lórí èédú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àárín méjèèjì, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú tanná bí màmá alákàrà ṣe wí, ṣùgbọ́n kò tàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìhà Dùgbẹ̀, iná ilé iṣẹ́ yọ. Ní ọ̀tún mi, àdúgbò kan ṣókùnkùn pátápátá, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kan bú sẹ́kún, fèrèsé mẹ́ta sì mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mápó wà ní gúúsù lórí òkè tirẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, àwọn òpó rẹ̀ ńláńlá ṣì funfun díẹ̀ nínú wíríwírí. Láti ọ̀nà Mápó ni àwọn ọkọ̀ Micra ti ń tò sọ̀ kalẹ̀, iná iwájú wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ ń já díẹ̀díẹ̀. Mo gbé káméra lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Nínú àwòrán yẹn, ilé kan wà lápá òsì tí fìtílà kan ṣoṣo tàn sí, àwọn ènìyàn jókòó yí i ká lójúde. Mi ò mọ̀ pé mo yà wọ́n títí mo fi tú u wò. Fọ́tò náà ni mo fi ń dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni Ìbàdàn ṣe rí lálẹ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Brooklyn, oṣù Kẹfà ni. Mo gbé ìmọ̀ Òkè Ààrẹ lọ, ó sì fẹ́ ṣì mí lọ́nà. Nílé wa, oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀ gbọnrangandan, nítorí pé a kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Kò yàtọ̀ ju wákàtí kan lọ láàárín ìgbà tó tètè wọ̀ jù àti ìgbà tó pẹ́ wọ̀ jù lọ́dún, wíríwírí wa sì ń tán ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ní New York, ó ń gba ìdàgẹ̀ẹ́rẹ̀ lọ ni, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gígùn. Agogo mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ló wọ̀ lóṣù Kẹfà, lóṣù Kejìlá ó ti lè wọ̀ ní agogo mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Wíríwírí wọn lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní London lóṣù Kẹfà kan náà, oòrùn á wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, wíríwírí á sì tó ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin wákàtí. Àwọn ọmọ ilé wa tó wà níbẹ̀, ìsinmi ni wọ́n fi rí. Àwọn tó bá tibẹ̀ wá sí Ìbàdàn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó tú ẹrù.

Mo dúró létí omi ní Brooklyn Bridge Park, afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1883 wà ní ọ̀tún mi, Manhattan níwájú. One World Trade Center, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2014, ga ní mítà 541 títí dé ṣóńṣó orí rẹ̀. Ìbéèrè màmá ń dún létí mi. Kí ni ìlú yìí ní tí Ìbàdàn kò ní? Gíláàsì ni. Kì í mu ìmọ́lẹ̀ bíi páànù wa, ń ṣe ló ń jù ú láti ara ilé kan sí ara ilé kejì. Nítorí náà oòrùn tí mo yà níbẹ̀, lára ògiri ni mo ti yà á, ó já sí wẹ́wẹ́ nínú fèrèsé bí i ọgọ́ta. Ìlú náà tún ní títì tó tò gbọọrọ. Lọ́dún 1811 ni wọ́n ti ya ètò títì Manhattan bí ìlà ìwé, ìlà náà sì yẹ̀ kúrò lójú àríwá gangan ní ìwọ̀n dígírì 29. Nítorí ìyẹ̀ yẹn, ní ìparí oṣù Karùn-ún àti ní àárín oṣù Keje, oòrùn á wọ̀ sí àárín títì gan-an, láàárín ilé gogoro lọ́tùn-ún lósì. Manhattanhenge ni wọ́n ń pè é. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń dúró lójú títì 42nd Street láti yà á. Oòrùn yẹn láàárín àwọn ilé yẹn kò sí níbòmíràn, ẹni tó bá yà á, New York ló yà. Mo fọwọ́ sí i.

Ilé gogoro náà mú mi rántí gèlè. Àwọn obìnrin wa ti gbé e lé orí kí ọ̀pọ̀ wa tó gun òkè lọ wò ó: onílé gogoro ni wọ́n ń pe gèlè yẹn, wọ́n sì ń di irun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, ya irun àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì yà láti ẹ̀yìn orí. Ó fi ojú sílẹ̀, ibi tí gbogbo onífọ́tò ń wò, ó lọ sí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wà. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá kẹ̀yìn sí oòrùn.

Ti irinṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí káméra fúnra rẹ̀ yan àwọ̀ fún yín nírọ̀lẹ́, yóò rò pé pupa náà jẹ́ àṣìṣe, yóò sì fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ sánmà, kí ilé ṣókùnkùn díẹ̀, nítorí sánmà tó bá ti funfun tán kò ní àtúnṣe. Fún wíríwírí, f/8 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ISO 100 (bí káméra ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó), kí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró ṣinṣin, kí ẹ má fọwọ́ kan káméra bó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin onífóònù, ẹ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, ẹ fà á wá sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé fóònù ti ògiri. Ó tó.

Ọyẹ́ ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ìgbà ọyẹ́ ni oòrùn dára jù. Mi ò gbà. Eruku tó ń ti aṣálẹ̀ ìhà Chad wá ń bo oòrùn mọ́lẹ̀ kó tó dé etí ilẹ̀, á funfun bí oṣù ọ̀sán, á sì pòórá. Fún pupa, ẹ lọ lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní ẹ̀bùn tirẹ̀: òrùlé tó sún mọ́ yín á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á rọ̀, èyí tó wà lẹ́yìn á di èéfín, títí ìlú á fi wọnú eruku lọ. Ẹni tó bá fi oòrùn sílẹ̀ lóṣù Kìíní, á rí ìyẹn yà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti agbo ilé àwọn ènìyàn. Láti orí òkè, lẹ́ńsì gígùn ń wọ ibi tí ẹsẹ̀ yín kò lè wọ̀. Mo ti rí ìyá tó ń wẹ ọmọ, mo ti rí àgbàlagbà tó sùn lórí ẹní. Ẹ yí lẹ́ńsì kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wọ agbo ilé kan lọ yà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè mọ́gàjí, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá. Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì, wọ́n á fún yín lága. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti lé mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kí wọn. Bárékè sójà àti àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má gbé káméra síbẹ̀ rárá.

Fún àwọn tó ti fi orúkọ sílẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ là ń lọ. A ó pàdé lẹ́sẹ̀ Òkè Ààrẹ ní agogo mẹ́rin àbọ̀. Màmá ti dàgbà, ọmọ wọn obìnrin ló ń dín àkàrà náà báyìí, níbi kan náà. Ẹ tètè rí olùṣọ́ bí ẹ bá fẹ́ gun Láyípo, ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì dání, nítorí a kò ní sọ̀ kalẹ̀ kí agogo méje tó lù.